Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Black Mesa

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, eré ni gígun òkè jẹ́ fún wa. A ó sáré gun àtẹ̀gùn, a ó dé ibi ìsinmi, a ó mí díẹ̀, a ó tún máa lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fojú kékeré wo Black Mesa. Òkè kan ṣoṣo láàárín ọ̀dàn, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, kí ló fẹ́ fi ọmọ Ìdànrè ṣe?

Oklahoma City ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin tó wá kàwé níbí ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òkè náà fún mi. Ó ní òun ni ibi tó ga jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Oklahoma, 4,973 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun, àti pé ó wà ní ìpẹ̀kun apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìpínlẹ̀ náà ti na apá kan gbọọrọ jáde bí ọwọ́ páànù ìdáná. Ó wá ní, "Àǹtí mi, ṣé ọmọ Ìdànrè á máa gbé ìlú kan kó má mọ òkè ibẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ la kọ́kọ́ lọ. Aago márùn-ún ìdájí la gbéra, torí ìrìn náà tó wákàtí mẹ́fà nínú mọ́tò, a sì fẹ́ lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí a ṣe ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni igi ń tán lọ́nà. Lẹ́yìn Woodward, igi di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi máa dé Guymon, ojú ọ̀run ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Ìlú tó kẹ́yìn tí a ti ra epo ni Boise City, ìlú kékeré kan tí ìtàn rẹ̀ máa yé ẹnikẹ́ni tí ọmọ onílẹ̀ ti lù ní jìbìtì rí l'Ékòó. Ní 1908, àwọn kan ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn tó wà lókèèrè. Wọ́n tẹ ìwé pélébé káàkiri pé òpópónà ìlú náà kún fún igi, omi sì ń sun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé fún igi ni wọ́n mú fi sọ ìlú náà lórúkọ. Àwọn tó san owó dé, wọn ò bá igi, wọn ò bá òpópónà, koríko ni wọ́n bá. Àwọn tó ta ilẹ̀ náà ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tó ra á kò padà. Wọ́n dúró, wọ́n sì kọ́ ìlú.

Ìlú yẹn náà ni ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ju bọ́ǹbù sí ní òru 5 oṣù keje 1943. Àwọn ọmọ ogun tó ń kọ́ṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí iná tó ń tàn yí ilé ẹjọ́ ìlú náà ká, wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n ju bọ́ǹbù ìdánrawò sí nìyẹn. Bọ́ǹbù mẹ́fà ló bọ́ sílẹ̀, Ọlọ́run sì ṣe é, kò sẹ́ni tó kú. Àbúrò mi ló ń ka ìtàn náà fún mi bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ojú lè tan ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé tèmi kù díẹ̀.

A ti bá ara wa ṣe àdéhùn lọ́nà: tí aago mọ́kànlá bá ti kọjá kí a tó dé, a ò ní rìn. A ó kàn ya àwòrán, a ó yí padà. Nígbà tí mo pa mọ́tò níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mo wo fóònù mi: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Inú wa dùn. A kò bi ara wa bí ìrìn wákàtí mẹ́fà, pẹ̀lú gbogbo ibi tí a ti dúró, ṣe di márùn-ún ààbọ̀. Ike omi mẹ́ta mẹ́ta la gbé, kékeré kékeré, gbogbo rẹ̀ kò ju líta kan ààbọ̀ lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A tì mọ́tò, a bọ́ sọ́nà.

Àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà náà lé ní máìlì mẹ́jọ. Èyí tó ju máìlì méjì lọ níbẹ̀rẹ̀ kò gun rárá. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ lásán ni, òkè náà sì wà lápá òsì rẹ, dúdú lórí, pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́, ó ń bá ọ rìn. Àbúrò mi nawọ́ sí ibì kan níwájú, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn la ti máa gùn ún. Kò ju ìṣẹ́jú ogún lọ." Lójú tèmi, ogún tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ibi tó nawọ́ sí ṣì wà níbi tó wà. Lẹ́yìn ogójì, bákan náà.

Mo ti ronú sí i gan-an látìgbà yẹn. Nílé, afẹ́fẹ́ wa kò mọ́lẹ̀ kedere. Bí kì í bá ṣe ọyẹ́, á jẹ́ ìkùukùu, tàbí ooru tó ń rú láti inú igbó. Ohun tó bá jìnnà, a máa ń rí i ní bàìbàì. Ojú wa ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré pé ohun tó bá hàn kedere, ó ti súnmọ́. Nínú ọ̀dàn yẹn, afẹ́fẹ́ gbẹ, ó sì mọ́ fínnífínní, òkúta tó wà ní máìlì mẹ́ta síwájú lè hàn débi pé wàá máa ka ìlà ara rẹ̀. Kò sì sí ohun tí ojú lè fi díwọ̀n. Kò sí ilé, kò sí òpó iná, kò sí ènìyàn. Igi júnípà tí mo rò pé ó tó ìrókò láti òkèèrè, nígbà tí a dé ìdí rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ga jù mí lọ.

Ìkejì rèé, èyí sì dùn mí jù torí nọ́ọ̀sì ni mí. Nílé, òógùn ló ń kìlọ̀ fún ènìyàn. Aṣọ á rin, ojú á máa ta ọ́, wàá wá ibòji. Níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó sì ń gba òógùn lára ẹni kí ó tó rin aṣọ. Aṣọ mi gbẹ. Mo rò pé ara mi balẹ̀. Ìgbà tí mo rí ìlà funfun lẹ́yìn aṣọ àbúrò mi ni mo mọ̀ pé iyọ̀ ni. Omi ti ń jáde lára rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi kì í dákẹ́. Tí ó bá wà nínú ilé, gbogbo ilé ló mọ̀. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí ọ̀nà ti yí sí òsì láti gun òkè, mo ṣàkíyèsí pé ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún tí kò ti sọ nǹkan kan. Mo pè é. Ó ní, "Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀, Àǹtí mi. Kò le." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ara rẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀ bí ẹja. Iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. Mo bi í bóyá èébì ń gbé e, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Orí òkè náà wà lókè wa níbẹ̀, kò tó 700 ẹsẹ̀ bàtà mọ́. Mo ń rí ọ̀nà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ gun ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ," ó ní. "Ẹ wo òkè náà. A ti dé tán."

"Jókòó."

"Àǹtí mi, wákàtí mẹ́fà la fi wá síbí o."

"Mo ní kí o jókòó."

Ó jókòó sábẹ́ júnípà kan tí òjìji rẹ̀ kò tó ẹnì kan. Mo fún un ní omi tó kù lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀, mo da ìwọ̀nba sí i lọ́rùn, mo fi fìlà mi fẹ́ ẹ. Mo mọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ àwọn aláìsàn mi pé kí wọ́n má jẹ́ kí ara wọn gbẹ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ìmọ̀ yẹn wà lórí mi látàárọ̀, mo sì gbé e jókòó sínú mọ́tò.

Nígbà tí ojú rẹ̀ walẹ̀, a yí padà. Ọ̀nà tí a fi nǹkan bí wákàtí kan lé díẹ̀ wá, ó gbà wá ju wákàtí méjì lọ ní àbọ̀. A ó rìn díẹ̀, a ó jókòó. Ní máìlì tó kẹ́yìn, kò sí omi kankan mọ́. Mò ń gbàdúrà, mi ò jẹ́ kó gbọ́.

Bàbá òyìnbó kan tó ń sin màlúù ládùúgbò náà bá wa nídìí mọ́tò. Ó ti rí mọ́tò wa nígbà tó kọjá lọ, ó tún rí i nígbà tó ń bọ̀, ó dúró. Omi tútù tó gbé jáde nínú kúlà rẹ̀ ni mo ń rí nínú oorun di òní. Ó bi wá ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀. Mo ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀.

Ó wò mí. "Aago ta ni?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Kenton, ìletò tó wà nítòsí òkè náà, aago New Mexico àti Colorado ló ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oklahoma ló wà. Kò sí ìlú mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Wákàtí kan ni aago yẹn fi wà lẹ́yìn tiwa. Bí a ṣe súnmọ́ ààlà ni fóònù mi ti yí padà fúnra rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá tí mo rí, mọ́kànlá kọjá dáadáa ni. Àdéhùn wa ti bàjẹ́ kí a tó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Bàbá náà kò bá wa wí. Ó kàn ní kí olúkúlùkù máa gbé gálọ́nù omi kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì máa bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó le.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá wa lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé òkè náà fẹ́ sá lọ ni?"

Kò sá lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó tẹ̀lé e, a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, Boise City la sùn. Mo so aago ọwọ́ tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọwọ́. Líta mẹ́rin omi ni olúkúlùkù gbé, a gbé ẹ̀pà oníyọ̀, a gbé ìpékeré, a dé fìlà etí gbọ̀ọ̀rọ̀. A sì ṣe àdéhùn tuntun, èyí tí fóònù kò lè yí padà: ibikíbi tí omi wa bá ti dé ìdajì, ibẹ̀ la ó ti yí padà, ì báà jẹ́ pé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló kù.

Bí oòrùn ṣe ń yọ la ń bọ́ sọ́nà. Ọ̀dàn òwúrọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀sán. Ìrì wà lórí koríko, àwọn ẹranko kan tó jọ ẹgbin, tí ìdí wọn funfun báláú, dúró lókèèrè tí wọ́n ń wò wá. Pronghorn ni wọ́n ń pè wọ́n, kò sì sí ẹranko orí ilẹ̀ tó lè sáré bíi tiwọn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n sá, ṣe ló dà bíi pé afẹ́fẹ́ ló gbé wọn. Ọdún tó kọjá, mo dájú pé wọ́n ti wà níbòmíràn tó tutù, àwa nìkan ni a wà níta.

Níbi tí àbúrò mi ti jókòó lọ́jọ́sí, ó dúró díẹ̀ lábẹ́ júnípà náà, kò sọ nǹkan kan. Mo wo omi wa. Kò tíì dín ju ìdá márùn-ún lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Àyà mi ń lù kìkì bí a ṣe ń lọ sókè, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti Oklahoma City lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń gun ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ náà, bí ejò ṣe ń gun àgbọn. Ejò gidi tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó ń mi ṣaworo ìdí nà sórí òkúta dúdú kan, ó ń yá oòrùn. A dúró lókèèrè títí ó fi fa ara rẹ̀ lọ. Òkúta dúdú yẹn ni wọ́n fi sọ òkè náà lórúkọ. Láyé àtijọ́, òkè oníná tú àpáta yíyọ́ jáde, ó ṣàn gba ojú ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, ó sì gan. Omi àti atẹ́gùn wá ń jẹ ilẹ̀ rírọ̀ tó yí i ká fún ọdún tí a kò lè kà, ṣùgbọ́n wọn ò rí èyí tí òkúta dúdú bò jẹ. Ibi tó ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá di òkè. Òkè Ìdànrè yàtọ̀. Tiwa rí rọ̀gbọ̀dọ̀ bí orí ènìyàn, òkúta akọ láti òkè dé ìdí.

Ohun tí mi ò retí ni pé nígbà tí a gun òkè tán, ọ̀dàn la tún bá. Orí òkè náà tẹ́ lọ títí, koríko kúkurú ló bò ó, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún wà káàkiri, o ò sì ní mọ̀ pé o wà lókè àfi tí o bá rìn dé etí. Nǹkan bíi máìlì kan la tún rìn kí a tó rí òpó òkúta tí wọ́n fi sàmì ibi tó ga jù náà. Koríko yẹn, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ agbègbè yẹn mú. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tú u kúrò láti gbin àlìkámà, tí ọ̀dá sì dé láàárín ọdún 1930 sí 1940, atẹ́gùn gbé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ní 14 oṣù kẹrin 1935, ìjì eruku sọ ọ̀sán di òru níbẹ̀. Àwa tí ọyẹ́ máa ń fún ní eruku lọ́dọọdún, eruku tiwa ń bọ̀ láti aṣálẹ̀. Tiwọn, oko wọn ni.

Òpó náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Wọ́n fín ọ̀nà jíjìn sí àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká sí i lára: New Mexico, 1,299 ẹsẹ̀ bàtà péré sí ìwọ̀-oòrùn, Colorado, máìlì 4.7 sí àríwá; Kansas, máìlì 53; Texas, máìlì 31 sí gúúsù. Ìhà tó kọ Texas yẹn ni mo dúró sí pẹ́.

Mo ti kà nípa rẹ̀ ní gbogbo ọdún tí a fi ń dúró láti padà. Nígbà tí Texas dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà ní 1845, ẹrú ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1820 ni àdéhùn kan ti fa ìlà sórí ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn, ní ìdíwọ̀n 36 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, pé kò gbọdọ̀ sí oko ẹrú ní àríwá rẹ̀. Ilẹ̀ Texas sì ré kọjá ìlà náà. Ní 1850, Texas jọ̀wọ́ gbogbo ohun tó ní ní àríwá ìlà náà, ó gba owó, ó sì di àwọn ẹrú rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n pààlà Kansas, wọ́n fà á sí ìdíwọ̀n 37. Ilẹ̀ tó wà láàárín, máìlì 34 ní fífẹ̀ àti 168 ní gígùn, di ohun tí kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Comanche àti Kiowa ti ń dọdẹ níbẹ̀. Ìgbà tó di 1890 ni wọ́n tó so ó mọ́ Oklahoma.

"Àǹtí mi, kí ló dé?" Àbúrò mi rí i pé mo ti dákẹ́.

"Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí, wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n lè di ènìyàn mú."

Ó súnmọ́ mi, ó wo apá Texas. Ibi tí ojú ń rí kò ní ìpẹ̀kun. Lára àwọn tí wọ́n dì mú nígbà náà ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní etíkun tiwa, mo sì wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìyá mi, tí a fi ẹsẹ̀ ara wa gun, tí a máa fi ẹsẹ̀ ara wa sọ̀ nígbà tó bá wù wá. Omijé bọ́ lójú mi. Mi ò nù ún.

Àpótí kan wà nídìí òpó náà, ìwé sì wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó bá dé ibẹ̀ máa ń kọ orúkọ sí. Àbúrò mi kọ "Ọmọ Ìdànrè dé ibí", ó fi gbogbo àmì ohùn sí i dáadáa, ó sì kọ ọjọ́. A jẹ ẹ̀pà, a mu omi, a wò ó: ó kù ju ìdajì lọ dáadáa. A jókòó fún ìdajì wákàtí.

Nígbà tí a sọ̀ dé ìdí mọ́tò, aago ọwọ́ mi ti lé ní ọ̀kan ọ̀sán. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa mọ́tò tiwọn. Ike omi kan ló wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó bi wá bóyá ó jìnnà, ó nawọ́ sí òkè, ó ní ó jọ pé ó wà nítòsí. Ọmọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀, ó ní aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, àyè ṣì wà.

Mo bi í bóyá aago ìlú tí wọ́n ti wá ni. Ó tún wo fóònù náà, ó wo aago ọwọ́ mi tí mo nà sí i. Àbúrò mi ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò wa, ó ń kó omi tó ṣẹ́kù jáde fún wọn.